Kí Ló Ń Sọ Ara Ọmọ Edé Di Funfun?

Ọmọ edé tí ara rẹ̀ le máa ń mọ́ gaara débi pé ẹ ó rí ìfun inú rẹ̀ láti ìta. Ní ọdún 1995, ní erékùṣù Guadeloupe ní agbègbè Caribbean, àwọn tó ń sin edé omi dídùn rí i pé tiwọn kò mọ́ gaara mọ́. Edé ńlá tí wọ́n ń pè ní Macrobrachium rosenbergii ni, ìbátan èyí tí àwọn apẹja wa ń kó nínú ọ̀sà Èkó. Apá ìrù á funfun báláú, funfun náà á sì máa gun ara bọ̀. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á kú lọ bẹẹrẹ.

Ṣé kòkòrò àrùn ni? Ẹ má tíì dáhùn. Bí edé bá há mọ́ra jù, bí ọ́síjìn inú omi bá dín kù, tàbí bí omi bá ṣàdédé gbóná tàbí tutù, ẹran ara edé lè funfun bákan náà. Omi ni olùwádìí kọ́kọ́ ń yẹ̀ wò. Bí wọ́n bá tún omi ṣe, tí ikú kò dáwọ́ dúró, tó tún ń ràn láti ọpọ́n kan dé èkejì, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò ní ti omi.

Wọ́n wo ẹran edé aláìsàn lábẹ́ máíkírósíkóòpù tó lágbára jù lọ, wọ́n sì bá fáírọ́ọ̀sì nínú sẹ́ẹ̀lì. Bí ẹ bá to nǹkan bí 37,000 rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, mìlímítà 1 péré ni wọn yóò gùn. MrNV ni orúkọ rẹ̀. Fáírọ́ọ̀sì mìíràn tó tún kéré sí i, XSV, máa ń bá a rìn. Òun kò lè dá bí sí i láìsí MrNV.

Àmọ́ bíbá èèyàn nílé tí wọ́n ti jalè kò sọ pé òun ló jalè. Ẹ̀rí ni a ń fẹ́. Ní Íńdíà, àwọn olùwádìí lọ ẹran edé aláìsàn, wọ́n sẹ́ ẹ, wọ́n fún ọmọ edé tí ara rẹ̀ le jẹ, wọ́n sì fi omi rẹ̀ wẹ àwọn mìíràn. Wọ́n fún ẹgbẹ́ kejì ní ti edé tí kò ṣàìsàn. Ẹgbẹ́ àkọ́kọ́ funfun, wọ́n kú. Nǹkan kan kò ṣe ẹgbẹ́ kejì.

Ibi tó yẹ kí olùsìn edé tẹ́tí sí jù lọ nìyí: nígbà tí wọ́n gún àgbà edé ní abẹ́rẹ́ fáírọ́ọ̀sì yìí, kò ṣàìsàn rárá. Ìyá edé lè máa jẹun, kó máa sanra, kó sì gbé ẹyin rẹpẹtẹ sábẹ́ ikùn, nígbà tó jẹ́ pé àrùn ló ń fún àwọn ọmọ yẹn. Ojú lásán kò lè dá a mọ̀. Àyẹ̀wò RT-PCR, tó ń wá àbùdá fáírọ́ọ̀sì náà, ló lè tú u fó.

Àrùn yìí ti dé Ṣáínà, Íńdíà, Thailand àti Ọsirélíà, kò sì tíì sí oògùn tó ń wò ó. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ra ìyá edé tàbí ọmọ edé láti òkèèrè, ẹ gba ìwé àyẹ̀wò rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.