Ẹ má tíì ta fóònù àtijọ́: Bí ẹ ṣe lè kó kóòdù ààbò òwò yín lọ sórí tuntun

Ẹ jẹ́ ká ní obìnrin kan tó ń ta aṣọ lórí Facebook àti Instagram ra fóònù tuntun lọ́jọ́ Sátidé. Ó yọ síìmù rẹ̀ kúrò nínú ti àtijọ́, ó fi sínú tuntun, ó pe oníbàárà méjì, gbogbo rẹ̀ ń lọ déédéé. Ẹni tó ta fóònù fún un gba ti àtijọ́, ó yọ iye rẹ̀ kúrò nínú owó tó yẹ kó san, ó sì pa gbogbo ohun inú rẹ̀ rẹ́ lójú ẹsẹ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ìyá oníṣòwò fẹ́ wọ ojú ìwé tó fi ń tajà. Ó tẹ páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀, kò ṣì í tẹ. Wọ́n tún ní kó mú nọ́ńbà mẹ́fà tó wà nínú áàpù kóòdù rẹ̀ wá. Ó ṣí áàpù náà lórí fóònù tuntun, òfìfo ló bá níbẹ̀.

Àpẹẹrẹ lèyí, ṣùgbọ́n ó lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Àgádágodo tí obìnrin yìí fi síbẹ̀ nítorí olè ló wá tì í mọ́ ìta ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Bí a ṣe máa kó kóòdù yìí láti fóònù kan sí òmíràn, tí òwò kò fi ní dúró, ni ẹ̀kọ́ wa lónìí.

Oríṣi kóòdù mẹ́ta

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gbogbo kóòdù ló ń tẹ̀lé síìmù. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta ni wọ́n, ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbé sì yàtọ̀.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ bí àtẹ̀jíṣẹ́. Ibi tí síìmù bá lọ ló ń lọ.

Ìkejì ni nọ́ńbà tí ẹ fúnra yín yàn, bí irú èyí tí WhatsApp máa ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá ti tan ààbò onípele méjì rẹ̀. Inú orí yín lèyí ń gbé. Nọ́ńbà mẹ́fà ni. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, tí ẹ kò sì fi àdírẹ́sì í-meèlì sílẹ̀ fún WhatsApp, ẹ lè dúró fún ọjọ́ méje kí ẹ tó lè yan òmíràn. Ẹni tí oníbàárà ń fi WhatsApp bá dúnàádúrà mọ ohun tí ọjọ́ méje lè bà jẹ́. Ẹ fi í-meèlì yín síbẹ̀ lónìí.

Ìkẹta ló ń fa wàhálà jù: kóòdù tí áàpù bíi Google Authenticator tàbí Microsoft Authenticator ń ṣe. Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ tan ààbò náà, Facebook fi àwòrán onígun mẹ́rin dúdú àti funfun kan hàn yín, èyí tí wọ́n ń pè ní QR, ẹ sì fi kámẹ́rà wò ó. Àṣírí kan wà nínú àwòrán yẹn. Ó wọ inú fóònù yín, ẹ̀dà rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ Facebook. Láti ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì ń fi àṣírí yẹn àti aago ṣírò nọ́ńbà mẹ́fà, èyí tó sábà máa ń yí padà ní ìṣẹ́jú àáyá 30 síra wọn. Kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kò sì ní ohun tó pa á pọ̀ mọ́ síìmù. Ìdí nìyẹn tí síìmù fi lè wà lọ́wọ́ yín, tí kóòdù sì ti bá fóònù àtijọ́ lọ.

Bí ẹ ṣe máa kó o

Google Authenticator la máa fi ṣàlàyé. Lọ́dún 2020 ni Google fi ọ̀nà ìkólọ yìí sínú rẹ̀. Fóònù méjèèjì gbọ́dọ̀ wà níwájú yín, kí bátìrì wọn sì kún dáadáa.

1. Ẹ gba áàpù náà sórí fóònù tuntun láti Play Store, tàbí App Store bó bá jẹ́ iPhone.

2. Lórí fóònù àtijọ́, ẹ ṣí áàpù, ẹ tẹ ìlà mẹ́ta tó wà lókè, ẹ yan "Transfer accounts", lẹ́yìn náà "Export accounts". Ẹ mú àwọn àkáǹtì tí ẹ fẹ́ kó, àwòrán QR máa jáde. Bí àkáǹtì bá pọ̀, àwòrán lè ju ẹyọ kan lọ.

3. Lórí fóònù tuntun, ẹ yan "Transfer accounts", lẹ́yìn náà "Import accounts", kí ẹ fi kámẹ́rà rẹ̀ wo àwòrán náà. Bí fóònù àtijọ́ bá béèrè bóyá kó pa àwọn kóòdù rẹ́, ẹ ní kó má tíì ṣe é.

4. Ẹ gbé fóònù méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nọ́ńbà mẹ́fà tó wà fún Facebook gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà lórí méjèèjì. Bí wọ́n bá yàtọ̀, ẹ wò ó bóyá aago ọ̀kan kò péye.

5. Ẹ fi kóòdù orí fóònù tuntun wọ àkáǹtì kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí gbogbo wọn bá ṣí tán ni kí ẹ tó pa ohun inú fóònù àtijọ́ rẹ́.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń ta fóònù tàbí ẹni tó ń tún un ṣe bá yín ṣe iṣẹ́ yìí, ì báà jẹ́ ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní ìsọ̀ ẹ̀yìnkùlé yín. Ẹni tó bá ya àwòrán QR yẹn ti ní gbogbo kóòdù yín lọ́wọ́.

Láti oṣù kẹrin ọdún 2023, Google Authenticator tún lè fi àwọn kóòdù pamọ́ sínú àkáǹtì Google yín, tí wọ́n á sì jáde lórí fóònù tuntun bí ẹ bá ti wọ àkáǹtì náà. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Bó bá jẹ́ pé inú áàpù yẹn nìkan ni kóòdù tí ẹ fi ń wọ Google fúnra rẹ̀ wà, ẹ ti ti kọ́kọ́rọ́ àpótí mọ́ inú àpótí.

Ti báńkì yàtọ̀. Ọ̀nà yìí kì í kó kóòdù inú áàpù báńkì. Báńkì yín ló máa ṣí i fún yín lórí fóònù tuntun, nítorí náà ẹ béèrè ohun tí wọ́n máa gbà kí ẹ tó pàrọ̀ fóònù. Ẹ má sì ṣe é lọ́jọ́ tí ẹ ní owó ọjà láti san.

Ìwé kékeré tó ń gbani

Google máa ń fúnni ní kóòdù ìpamọ́ mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la sì lè lo ọ̀kọ̀ọ̀kan. Facebook àti Instagram náà ní irú rẹ̀. Inú ètò ààbò àkáǹtì yín lẹ ti máa rí i. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé, kí ẹ fi síbi tí ẹ ń kó ìwé ilẹ̀ tàbí ìwé ọjà pàtàkì sí. Ẹ má ṣe ya fọ́tò wọn sórí fóònù kan náà, torí bí fóònù bá lọ, fọ́tò bá a lọ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ ọmọ iṣẹ́ ló ń bá yín tajà

Nínú ọ̀pọ̀ ìsọ̀, ọmọ iṣẹ́ ló mọ̀ nípa Instagram, orí fóònù tirẹ̀ sì ni kóòdù wà. Lọ́jọ́ tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó ti mú kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù lọ, bí kò tilẹ̀ ní èrò búburú lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí kóòdù kan náà wà lórí fóònù yín pẹ̀lú tirẹ̀. Fóònù méjì lè wo àwòrán QR kan, méjèèjì á sì máa mú nọ́ńbà kan náà jáde. Bó bá wá kúrò, ẹ pa páásíwọ́ọ̀dù dà, ẹ pa ààbò náà, kí ẹ sì tún un tàn. Àṣírí tuntun máa jáde, èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ á sì di aláìwúlò.

Bí fóònù bá ti lọ

Ẹ kọ́kọ́ fi fóònù ẹlòmíràn pe ilé iṣẹ́ tó ni síìmù àti báńkì yín, kí wọ́n dí àwọn ọ̀nà náà. Ẹ lọ gba síìmù yín padà pẹ̀lú nọ́ńbà NIN yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi kóòdù inú ìwé wọ àkáǹtì yín, ẹ yọ fóònù tó sọnù kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì tan ààbò lákọ̀tun. Ẹni tí kò ní ìwé yẹn máa bẹ ilé iṣẹ́ náà, á máa fi ara rẹ̀ hàn pé òun lòun ni àkáǹtì. Ìyẹn lè gba ọjọ́ púpọ̀, nígbà mìíràn kì í sì í bọ́ sí i.

Ẹnikẹ́ni tó bá pè yín láàárín wàhálà yìí pé kí ẹ ka kóòdù fún òun kí òun lè bá yín ṣe é, gbájúẹ̀ ni. Ẹ pa fóònù mọ́ ọn létí.

Ìgbẹ̀yìn ní ń yé olókùú-àdá. Kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní, ẹ ṣí Google, Facebook àti Instagram yín, ẹ gba kóòdù ìpamọ́ wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Fóònù àtijọ́ yẹn, ẹ jẹ́ kó wà nílé fún ọ̀sẹ̀ kan sí i kí ẹ tó tà á.