Kí ẹ tó sanwó ilé, ẹ ṣí ìdérí sọkawéè wò

Àwọn àgbà ní ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Oníṣòwò tó bá fẹ́ ra ilé máa ń wo òrùlé, ògiri àti ojú títì dáadáa, á sì mú lọ́yà lọ yẹ ìwé ilé wò. Ṣùgbọ́n agbára káká ni wọ́n fi máa ń béèrè ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ìyẹn sọkawéè. Bẹ́ẹ̀, òun gan-an ló lè sọ ilé tó yẹ kó máa mówó wọlé di èyí tó ń gbé owó lọ.

BÓ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Kòtò méjì ló sábà máa ń wà nínú ohun tí aráàlú ń pè ní sọkawéè. Àkọ́kọ́ ni táǹkì tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù tàbí kọnkéré ṣe. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí kọ́kọ́ ń wọ̀. Èyí tó wúwo á rì sísàlẹ̀, ọ̀rá á léfòó, àwọn kòkòrò tí ojú lásán kò lè rí á sì máa jẹ ìgbẹ́ náà díẹ̀díẹ̀. Omi tó wà láàárín ló ń ṣàn lọ sínú kòtò kejì, tí ilẹ̀ á sì fà á mu. Bí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá kún inú táǹkì, tàbí tí ilẹ̀ kò bá fa omi mọ́, inú ilé ni gbogbo rẹ̀ máa padà sí.

TÁǸKÌ ẸNI MẸ́FÀ KÌ Í ṢE TI OGÚN ÈÈYÀN

Ká sọ pé ìyá olóúnjẹ kan fẹ́ ra ilé kan, kó fi iwájú rẹ̀ ṣe búkà, kó sì fi àwọn yàrá ẹ̀yìn gba ayálégbé. Ẹni mẹ́fà péré ló ń gbé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Inú táǹkì náà gùn ní mítà 2, ó fẹ̀ ní mítà 1, omi inú rẹ̀ sì jìn ní mítà 1.5. Lítà 3,000 nìyẹn.

Àwọn onímọ̀ ìmọ́tótó máa ń ṣírò gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó tó nǹkan bíi lítà 40 fún ẹnì kan lọ́dún. Wọ́n sì ní kí onílé gbọ́n táǹkì nígbà tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ bá ti gba ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, èyí tó jẹ́ lítà 1,000 nínú táǹkì yìí. Lítà 240 ni ti ẹni mẹ́fà lọ́dún, nítorí náà ó máa lé ní ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó pe ọkọ̀ tó ń gbọ́n ọn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá di 20, lítà 800 ni lọ́dún, oṣù 15 péré ló sì máa gbà. Bí onílé kò bá mọ̀, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á bá omi lọ sínú kòtò kejì, á sì dí ilẹ̀ tó ń fa omi pa. Táǹkì tó dára fún ẹni tó ń tà lè má dára fún ẹni tó ń rà.

OHUN TÍ Ẹ Ó YẸ̀ WÒ

Ẹ lọ wo ilé náà lásìkò òjò. Ní àwọn àdúgbò tí omi kò jìn nínú ilẹ̀, bíi Lekki àti Ajah nílùú Èkó, òjò máa ń gbé omi ilẹ̀ sókè débi tí kòtò kò ní rí ibi da omi sí. Sọkawéè tó ń ṣiṣẹ́ lóṣù kìíní lè kún àkúnya lóṣù keje.

Ẹ mú púlọ́ńbà tiyín lọ, kì í ṣe èyí tí ajẹ́ǹtì bá mú wá. Ẹ ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì máa da omi sí àwọn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ léraléra. Bí omi bá ń lọ tìkọ̀tìkọ̀, tó ń hó gùdùgùdù nínú páìpù, tàbí tí ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé rin, tí koríko ibẹ̀ sì tutù yọ̀yọ̀ ju ti ibòmíràn lọ, ìṣòro ti wà níbẹ̀.

Ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n gbọ́n ọn kẹ́yìn, kí ẹ sì gba rìsíìtì rẹ̀ wò. Táǹkì tí wọ́n gbọ́n lánàá kò lè sọ òótọ́ kankan lónìí. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́n ọn, ẹ padà lọ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ wọn bó ṣe jìnnà sí kànga tàbí bọ́họ́ọ̀lù. Mítà 30 ni òdiwọ̀n tí wọ́n sábà máa ń tẹ̀ lé. Ẹ wo ti ilé ẹ̀gbẹ́ náà, nítorí ìgbẹ́ aládùúgbò kò mọ ààlà. Ẹ gbé omi náà lọ síbi àyẹ̀wò. Ìlànà omi mímu Nàìjíríà kò fàyè gba kòkòrò E. coli ẹyọ kan nínú mílílítà 100. Nígbà tí àrùn onígbáméjì jà ní Èkó lọ́dún 2024, omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kó bá wà lára ohun tí ìjọba ń kìlọ̀ lé lórí. Ẹni tó ń ta oúnjẹ kò gbọ́dọ̀ fi èyí ṣeré.

Ní ìparí, ẹ jẹ́ kí sọ́féyọ̀ fi hàn yín bóyá inú ilẹ̀ tí ẹ ń rà ni sọkawéè náà wà. Bó bá wà nínú ọgbà aládùúgbò, ẹjọ́ lẹ fẹ́ rà yẹn.

Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ inú táǹkì, ì báà jẹ́ pé ó ti gbẹ, ẹ má sì tan ìṣáná wò ó. Afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀ máa ń pa èèyàn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹni tó bá wọlé lọ gbà á là náà sì lè kú.

BÍ Ẹ BÁ RÍ ÀBÙKÙ

Kì í ṣe gbogbo àbùkù ló ní kí ẹ sá. Ẹ ní kí bíríkìlà mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ dá iye tí àtúnṣe máa jẹ́. Ká ní mílíọ̀nù 30 náírà ni wọ́n pe ilé, tí àtúnṣe sì jẹ́ mílíọ̀nù 2.5. Ẹni tó ń rà lè sọ pé: “Bàbá, ilé yín wù mí, ṣùgbọ́n sọkawéè yìí kò lè gba èrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yọ owó àtúnṣe kúrò, tàbí kí ẹ tún un ṣe kí n tó san ìyókù.” Bí bàbá bá gbà láti tún un ṣe, kí mílíọ̀nù 2.5 náà wà lọ́wọ́ lọ́yà títí púlọ́ńbà yóò fi yẹ iṣẹ́ náà wò.

Ẹ jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wọ inú ìwé àdéhùn. Lábẹ́ òfin, ọrùn ẹni tó rà ni àbùkù tó yẹ kó rí máa ń wà. Ṣùgbọ́n bó bá béèrè nínú ìwé, tí ẹni tó ń tà sì fi irọ́ dá a lóhùn, lọ́yà ti ní ohun tó máa dì mú nìyẹn.

FÚN ẸNI TÓ TI RÀ Á

Ẹ gbọ́n táǹkì náà, kí ẹ sì máa ṣọ́ ọ. Bó bá pẹ́ kó tó kún àkúnya, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ló fà á, ẹ kàn máa gbọ́n ọn déédéé ni. Bó bá tún kún àkúnya láàárín ọjọ́ díẹ̀, kòtò kejì ti dí tàbí omi ilẹ̀ ló ń wọlé. Iṣẹ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n nìyẹn, ó sì lè gba pé kí wọ́n ṣe kòtò mìíràn síbi tó ga. Ẹ darí omi òrùlé kúrò níbẹ̀, ẹ tún ẹ̀rọ omi tó ń jò ṣe, ẹ má sì da òróró búkà, páḿpásì tàbí àkísà sínú rẹ̀. Ní Èkó, ọkọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí omi ìdọ̀tí ni kí ẹ pè. Ẹni tó bá da ìgbẹ́ yín sínú gọ́tà lóru lè kó yín sí wàhálà.

Owó tí ẹ bá san fún púlọ́ńbà láti yẹ ilé wò kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ayálégbé mẹ́ta tó kẹ́rù jáde nítorí òórùn.