ÌDÍLÉ ÀWỌN Ẹ́ŃSÁÌMÙ TÍ Ń GÉ ṢÚGÀ

Ìfáárà
Bí a bá rí alágbẹ̀dẹ méjì ní ọjà kan náà, a kò lè tìtorí pé iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe kí a sọ pé ọmọ bàbá kan ni wọ́n. Oríkì orílẹ̀ wọn ni yóò fi ìyẹn hàn. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé pé bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nípa àwọn ẹ́ńsáìmù tí ń gé ṣúgà, àti pé ọ̀rọ̀ náà kan oúnjẹ wa.

Ẹ́ńsáìmù jẹ́ purotéènì tí ń mú kí iṣẹ́ yá kánkán nínú ara ohun ẹlẹ́mìí. Àwọn tí mo ń sọ̀rọ̀ wọn níhìn-ín ń fi omi já ìsopọ̀ tí ó wà láàrin ṣúgà kan àti èkejì, tàbí láàrin ṣúgà àti ohun mìíràn. Amylase inú itọ́ wa jẹ́ ọ̀kan: òun ni ó ń gé sítáàṣì inú iṣu sí wẹ́wẹ́ bí a ti ń jẹ ẹ́ lẹ́nu.

Iṣẹ́ ni tàbí Ìdílé?
Tẹ́lẹ̀ rí, iṣẹ́ tí ẹ́ńsáìmù ń ṣe ni àwọn onímọ̀ fi ń pín wọn. Ní 1991, Bernard Henrissat, ará Faransé, wo bí ámínò ásíìdì ṣe tò tẹ̀lé ara wọn nínú wọn. Àwọn tí ètò wọn jọra ni ó kó sí ìdílé kan. Ìdílé 35 ni ó kọ́kọ́ tò; lónìí wọ́n ti lé ní 180.

Lysozyme inú ẹyin adìẹ àti ti fáírọ́ọ̀sì T4 jọ ń já ògiri ara bakitéríà, ṣùgbọ́n ìdílé 22 ni ti àkọ́kọ́, ìdílé 24 ni ti èkejì. Amylase itọ́ wà ní ìdílé 13. Beta-amylase inú ọ̀dùnkún wà ní ìdílé 14, bẹ́ẹ̀ sítáàṣì ni àwọn méjèèjì ń gé. Ní ìdàkejì, linamarase inú ẹ̀gẹ́ àti lactase tí ń gé ṣúgà wàrà nínú ìfun ọmọ ọwọ́ jẹ́ ẹbí ní ìdílé kìn-ín-ní.

Abala Ara Wọn
Purotéènì gígùn a máa ká jọ sí abala-abala, bí ilé oníyàrá púpọ̀. Amylase itọ́ ní abala mẹ́ta. Èyí tí ó tóbi jù dà bí àgbá: ọ̀já mẹ́jọ wà láàrin, okùn lílọ́ mẹ́jọ sì yí wọn ká. Ẹnu àgbá náà ni ó ti ń gé nǹkan. Linamarase náà ní irú àgbá yìí, ṣùgbọ́n ètò ámínò ásíìdì wọn yàtọ̀. Lactase ní abala mẹ́rin tí ó jọra nígbà tí ara kọ́kọ́ ṣe é, méjì péré ni ó sì ń gé nǹkan.

Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gẹ́
Linamarin, ṣúgà tí a so mọ́ májèlé, wà nínú àpò inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀gẹ́. Linamarase wà lára ògiri sẹ́ẹ̀lì. Bí a bá rin ẹ̀gẹ́ ni àwọn méjèèjì tó pàdé. Linamarase yóò gé ṣúgà kúrò, sáyánáìdì yóò sì jáde. Omi tí a fún dànù àti iná tí a fi yan gàrí ni ó ń gbé e lọ. Nítorí náà, àwọn ìyá wa tí ń di ẹ̀gẹ́ rírin sínú àpò, tí wọ́n ń gbé òkúta lé e fún ọjọ́ mélòó kan, kò fi àkókò ṣòfò.

Ní 1981, nígbà ọ̀dá ní Nampula ní orílẹ̀-èdè Mòsáńbíìkì, ó lé ní 1,000 ènìyàn tí ẹsẹ̀ wọn rọ nítorí ẹ̀gẹ́ kíkorò tí a kò ṣe dáadáa. Nílé wa níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Ọ̀ṣúntókun ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ ìwádìí jáde ní 1968 lórí àrùn iṣan kan tí kì í jẹ́ kí ènìyàn lè rìn gbọn-in. Ó so ó mọ́ oúnjẹ ẹ̀gẹ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn olùwádìí mìíràn ti jiyàn lé e lórí lẹ́yìn náà.

Àgbálọgbábọ̀
Ní tèmi, ẹni tí ń yan gàrí ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀kọ́ yìí, ní èdè tí ó gbọ́. Ó ti mọ ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Ìdí rẹ̀ ni a kò tíì sọ fún un. Ẹni tí ó bá mọ ìdí kò ní tìtorí pé ọjà ń pe gàrí kí ó dín ọjọ́ àpò kù. Mo rọ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ń kọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì pé, bí ẹ bá lọ sílé fún ìsinmi, ẹ jókòó ti àwọn ìyá yín níbi agbada, kí ẹ sì ṣàlàyé rẹ̀ fún wọn.