Kí Ẹ Tó Pe Éjẹ́ǹtì Wá Wo Ilé Yín

Ẹ̀kọ́ tí oṣù yìí jẹ mọ́ ilé títà. Láàárín ọdún yìí nìkan, ọmọ ẹgbẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ti dúró dè mí lẹ́yìn ìpàdé, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ ta ilé, ṣé mo mọ éjẹ́ǹtì tó ṣe é fọkàn tán. Èsì tí mo fún wọn kò kún tó, torí orí ìdúró ni a ti sọ ọ́, ilẹ̀ sì ti ń ṣú. Mo fẹ́ sọ ọ́ dáadáa níhìn-ín.

Kí n kọ́kọ́ sọ ti ara mi. Ní ọdún 2017, mo jẹ ẹgbẹ́ yìí ní gbèsè. Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ nínú ẹgbẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀. Oṣù Kejìlá ń bọ̀, a fẹ́ pín owó ọdún, ojú sì ń tì mí pé akọ̀wé tó ń ka orúkọ àwọn onígbèsè sókè, orúkọ òun náà wà nínú ìwé. Mo ní bọ́ńgálò oníyàrá mẹ́ta kan ní ẹ̀yìn ìlú Ìbàdàn. Mo ní kí n tà á. Éjẹ́ǹtì tí ọ̀rẹ́ mi kan júwe wá wò ó. Ó yí ilé po lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ sáà sọ iye tó máa tẹ̀ yín lọ́rùn. Ẹ fi ìyókù sílẹ̀ fún mi." Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ mi létí. Mo ní mílíọ̀nù 9 náírà. Ó ní kò sí wàhálà, òun á sì yọ ìdá 5 nínú 100 tòun nínú rẹ̀.

Kò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí ó fi mú oníbàárà wá. Ọwọ́ éjẹ́ǹtì ni owó gbà kọjá. Ó gbé rìsíìtì méjì síwájú mi, mo fọwọ́ sí méjèèjì. Ọ̀kan nínú wọn, wọn kò tíì kọ iye owó sí i. Èmi tí mo máa ń sọ fún yín pé ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé tí ẹ kò kà! Ó yọ 450,000 náírà tirẹ̀, ó kó 8,550,000 fún mi, mo san gbèsè, mo dúpẹ́.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni ẹni tó ra ilé wá bá mi pẹ̀lú ìbínú pé kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ ti kún, omi sì ń yọ jáde. Ó ní, "Bàbá, mílíọ̀nù 11 tí mo kó sílẹ̀, ẹ ò lè sọ èyí fún mi?" Mo ní mílíọ̀nù mélòó? Ó yọ rìsíìtì jáde. Ìfọwọ́sí mi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mílíọ̀nù 2 ti lọ lókè, 450,000 sì ti lọ nísàlẹ̀. Lọ́yà tí mo lọ bá sọ fún mi pé èrè tí aṣojú ẹni bá jẹ lábẹ́ aṣọ, ti olówó ni, òfin fún ni láyè láti gbà á padà. Àmọ́ ó bi mí pé, "Kí lẹ sọ nígbà tó ní kí ẹ fi ìyókù sílẹ̀?" Mo ní mo rẹ́rìn-ín ni. Ó ní òun náà á sọ fún adájọ́ pé ẹ ti gbà. Kò sí ìwé láàárín wa. Bí ó ṣe parí nìyẹn.

Nítorí náà, kí a tó dé ọ̀dọ̀ éjẹ́ǹtì rárá, ẹ jẹ́ kí a mọ iye tí ilé wa tó. Ẹ wádìí lọ́wọ́ àwọn tó ti ta ilé ní àdúgbò yín, kí i ṣe iye tí wọ́n béèrè, iye tó dé ọwọ́ wọn. Bí ilé bá tóbi, ẹ wá ẹni tó kọ́ṣẹ́ ìdíyelé ilé àti ilẹ̀. Ẹgbẹ́ wọn, NIESV, ti wà láti ọdún 1969, òfin ọdún 1975 ló sì dá ìgbìmọ̀ ESVARBON sílẹ̀ láti máa forúkọ wọn sílẹ̀. Ẹ ní kí ó fi ìwé ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀ hàn yín. Yóò gba owó iṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ fi wé mílíọ̀nù 2 tèmi. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run: ẹni tó ní ọ́fíìsì àti ìwé, ó kéré tán a mọ ibi tí a ti lè mú ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin tí ilé yín wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ìjọba ní àjọ kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní LASRERA tó ń bójú tó iṣẹ́ àwọn éjẹ́ǹtì. Ẹ lè béèrè lọ́wọ́ wọn bóyá wọ́n mọ ẹni náà.

Èkejì tí mo fẹ́ fà lé yín lọ́wọ́ ló le jù. Ṣé ilé yín ni? Mo mọ̀ pé ìbéèrè náà dà bí èébú. Ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa, oníṣòwò tó lójú iṣẹ́, ọkọ rẹ̀ kú láìkọ ìwé ìhágún. Éjẹ́ǹtì sọ fún un pé níwọ̀n ìgbà tí òun ló ń gbé inú ilé, tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ òun, òun lè tà á. Irọ́ gbáà ni. Nínú àṣà àwa Yorùbá, ilé tí bàbá kú fi sílẹ̀ láìhágún, ilé ẹbí ni, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ni í lápapọ̀. Opó kò ní in láti tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ń dáná fún àwọn bíríkìlà nígbà tí wọ́n ń kọ́ ọ. Bí ọmọ kan nínú ẹbí tí kì í ṣe olórí bá dá gbogbo rẹ̀ tà, ilé ẹjọ́ á ní títà náà kò sí rárá. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹ̀ka ìdílé mọ̀, àwọn tó kù lè lọ sí ilé ẹjọ́ kí wọ́n fagi lé e. Bàbá olówó ẹyọ méjì, ìyàwó mẹ́ta, ẹ mọ bí ẹ̀ka ṣe máa pọ̀ tó. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí i lára ògiri káàkiri Èkó àti Ìbàdàn pé ilé yìí kì í ṣe títà, ẹ ṣọ́ra fún 419. Ilé ẹlòmíràn kọ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń sá fún. Àbúrò tó ń gbé inú yàrá ẹ̀yìn ni.

Ìyá tí mò ń wí yìí dúpẹ́ pé òun kò tíì gba owó ẹnikẹ́ni. A pe àwọn ọmọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà jọ, ti ìyàwó àgbà àti tirẹ̀. Ọjọ́ Àìkú mẹ́ta ni a fi sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà ní Kánò ni kò fẹ́ gbà. Nígbà tó yá, gbogbo wọn fọwọ́ sí i níwájú lọ́yà, wọ́n sì kọ ìpín ìyá náà sínú ìwé kí wọ́n tó wá oníbàárà. (Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ ń bá ọkọ yín dáwó ra ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí orúkọ yín wà lórí rìsíìtì àti sọ́fè. Ìfẹ́ kò ní kí a máà kọ orúkọ.)

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wo ìwé ilé. Òfin Ilẹ̀ ti ọdún 1978 sọ pé ẹni tí ìjọba fún ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á fún ẹlòmíràn láìgba àṣẹ gómìnà. Bí C of O bá wà lọ́wọ́ yín, ẹni tó bá rà á á fẹ́ gba àṣẹ yẹn, iṣẹ́ yìí sì ń náni lówó. Ẹ bá a sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ta ni yóò san án. Ẹ lọ wo fáìlì ilé yín ní ọ́fíìsì ilẹ̀, ní Àgodi fún àwa ará Ìbàdàn, ní Aláúsá fún àwọn ará Èkó, kí ẹ tó jẹ́ kí oníbàárà lọ rí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kò mọ̀. Bí ó bá sì jẹ́ rìsíìtì ẹbí onílẹ̀ àti sọ́fè nìkan ni ẹ ní, ẹ má fi pamọ́. Owó rẹ̀ kò ní tó ti ẹni tó ní ìwé pípé, ẹ kàn gbà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí éjẹ́ǹtì bá wá dé, ẹ fún un ní ẹ̀dà ìwé, ẹ má fún un ní ojúlówó. Kò sí ohun tó fẹ́ fi ojúlówó ṣe tí ẹ̀dà kò lè ṣe. Bí ó bá ní kí ẹ fọwọ́ sí ìwé agbára pé kí ó máa tà á lórúkọ yín, ẹ ní ó dìgbà tí lọ́yà yín bá rí i. Lọ́yà yín ni mo wí, kì í ṣe lọ́yà tó bá éjẹ́ǹtì wá.

Kọmíṣọ̀n rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lórí ilé títà, ìdá 5 nínú 100 ló wọ́pọ̀, àwọn mìíràn ń béèrè 10. Lórí ilé mílíọ̀nù 30, èkíní jẹ́ mílíọ̀nù kan àtààbọ̀, èkejì jẹ́ mílíọ̀nù 3, ẹ kò gbọdọ̀ fi ìyẹn sẹ́nu lásán. Ẹ kọ ọ́ pé orí iye tí oníbàárà san gan-an ni a ó ti yọ ọ́, pé kò sí owó mìíràn tí ó gbọdọ̀ gbé lé e lórí. Ẹ kọ ìgbà tí a ó san án: ọjọ́ tí owó bá pé ní báńkì, kì í ṣe ọjọ́ tó mú èèyàn wá wo yàrá. Ẹ kọ iye oṣù tí àdéhùn náà máa wà. Mo tún rò pé kí ẹ lo ẹyọ kan ṣoṣo, ó pọ̀ jù méjì. Ẹni tó bá kó o fún márùn-ún á bá ilé rẹ̀ lórí WhatsApp ní iye owó márùn-ún, oníbàárà á sì máa rò pé nǹkan kan ń ṣe ilé náà. Nígbà tó bá sì tà á tán, éjẹ́ǹtì méjì á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí olúkúlùkù ń sọ pé òun ni òun kọ́kọ́ mú ọkùnrin náà wá. Nítorí náà, ẹ ní kí ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá mú wá, àti ọjọ́ tó mú un wá.

Owó gbọdọ̀ wọ ákáǹtì yín tààrà, tàbí ti lọ́yà yín. Òfin ọdún 2022 kò gbà kí ẹnì kan san tàbí gba ju mílíọ̀nù 5 lọ ní owó ọwọ́, ó gbọdọ̀ gba báńkì kọjá. Ẹni tó bá ní òun máa gbé àpò wá lálẹ́, ẹ sọ fún un pé ilẹ̀ ti ṣú. Rìsíìtì sì ńkọ́? Ẹ fi lẹ́tà àti nọ́ńbà kọ iye owó náà, ẹ kà á, ẹ fún ọmọ yín kó tún un kà. Ohun tó bá sì bàjẹ́ nínú ilé, bíi kòtò tèmi, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó sanwó.

Nípa gbèsè ẹgbẹ́ tó ń lé ẹlòmíràn dé ìdí títa ilé: bí mo bá ti sọ fún ìgbìmọ̀ ní ọdún 2017, ìbá ti ṣeé ṣe kí wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́fà sí i, mi ò bá má fi ìkánjú ta nǹkan. Ojú ló ń tì mí. Ìgbìmọ̀ ti gbà báyìí pé ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ ta ilé nítorí ẹ̀yáwó lè wá bá wa ní ìkọ̀kọ̀, ní wákàtí kan ṣáájú ìpàdé gbogboogbò, kí a jọ wo bóyá ó lè fi yàrá méjì háyà, tàbí kí a fa ọjọ́ sísan gùn. Ẹ mú ẹ̀dà ìwé ilé àti káàdì ẹgbẹ́ yín dání. Èmi ni n ó wà lórí tábìlì.