Orin inú ọkọ̀ ojú omi: ohun tí ₦40,000 ṣe tí ẹ̀rọ "1,500 wáàtì" kò lè ṣe

Orin ló dá wa dúró sórí omi lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ní ọkọ̀ fáíbà kékeré tó fi ń kó èrò láti etí omi Kétu lọ sí Agboyi. Lópin ọ̀sẹ̀, ó máa ń gba iṣẹ́ àríyá. Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́jọ háyà ọkọ̀ náà, wọ́n ní ká pa ẹ́ńjìnì láàárín omi, ká jẹ́ kí àwọn fi orin ṣe fàájì. A lu orin fún nǹkan bíi wákàtí méjì àbọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ fẹ́ máa ṣú, ẹ̀gbọ́n mi yí kọ́kọ́rọ́. "Ták, ták, ták." Ó tún yí i. "Ták." Ẹ́ńjìnì ò dáhùn mọ́. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í gbé wa lọ díẹ̀díẹ̀ sínú ewéko orí omi, ẹni tó ń jó tẹ́lẹ̀ wá ń wá láífù jákẹ́ẹ̀tì kiri. Ọlọ́run ló ṣe é, ọkọ̀ mìíràn ń kọjá, òun ló fi okùn fà wá dé èbúté.

Kí ló ṣẹlẹ̀? Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú, ẹ̀gbọ́n mi ra amp tuntun kan nítorí pé èrò ẹ̀yìn ń ráhùn pé àwọn kì í gbọ́ orin dáadáa. Wọ́n kọ "1,500 wáàtì" gàdàgbà sára páálí rẹ̀. Bátìrì kan ṣoṣo ló wà nínú ọkọ̀, òun ló ń ṣíná ẹ́ńjìnì, òun náà ni amp yẹn ń mu.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ní òun máa lọ ra bátìrì tó tóbi jù ú lọ. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì náwó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wo ibi tí ohùn yẹn ń gbà sọnù." Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ka ₦40,000 fún mi. Ó ní, "Ó dáa, àbúrò. Tó bá kọjá iye yìí, àpò ẹ lo máa fọwọ́ kàn o."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ níbẹ̀ ni mo fẹ́ bá yín pín lónìí.

1. Ẹ má ka páálí, ẹ ka fíúsì

Mo yẹ ẹ̀gbẹ́ amp náà wò. Fíúsì 20 áńpíà ni wọ́n kì sí i. Ìṣirò tá a kọ́ ní sẹ́kọ́ńdìrì nìyí: fóltì ní ìlọ́po áńpíà ló ń jẹ́ wáàtì. Bátìrì ọkọ̀ jẹ́ fóltì 12. 12 × 20 = 240. Ìyẹn ni pé amp yìí kò lè máa gba ju nǹkan bíi 240 wáàtì wọlé kí fíúsì rẹ̀ má jó. Ó lè ga ju bẹ́ẹ̀ lọ fún ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n kò lè dúró síbẹ̀. Nínú 240 yẹn, irú amp olówó pọ́ọ́kú bẹ́ẹ̀ máa ń sọ ohun tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì di ooru lásán. Ẹ fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Ohun tó ṣẹ́kù fún sípíkà ò ju bíi 120 wáàtì lọ.

1,500 dà? Orí páálí ló wà. Ohun tí kò wọlé kò lè jáde. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa, Kòsọ́fẹ́, ó máa ń dún létí mi bíi "kò sí ọ̀fẹ́". Bó ṣe rí nínú físíìsì náà nìyẹn: agbára kankan ò sí tó jẹ́ ọ̀fẹ́.

2. Ìlọ́po wáàtì kì í ṣe ìlọ́po ariwo

Dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì la fi ń wọn bí ohùn ṣe ga tó. Bẹ́ ẹ bá sọ wáàtì di ìlọ́po méjì, dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 3 péré lẹ máa rí gbà. Kí etí tó gbà pé orin náà ti ga ní ìlọ́po méjì, ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 10 lé sí i, ìyẹn sì jẹ́ wáàtì ní ìlọ́po mẹ́wàá!

Rédíò tó wà nínú ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀ ń gbé nǹkan bíi 20 wáàtì jáde sí sípíkà kọ̀ọ̀kan. Ká tiẹ̀ gbà pé amp ń gbé 120 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìlọ́po mẹ́fà nìyẹn, èyí tó jẹ́ dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 8. Kò tíì di ìlọ́po méjì létí wa, bátìrì sì ti ń sunkún.

Ọ̀nà mìíràn wà tí kò ná bátìrì ní nǹkan kan.

Ọ̀nà kìíní ni sípíkà fúnra rẹ̀. Sípíkà kan máa ń sọ iná di ohùn dáadáa ju òmíràn lọ. Nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń wà lẹ́yìn mágínẹ́ẹ̀tì tàbí nínú ìwé tó bá a wá: iye dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì tó ń gbé jáde tí wọ́n bá fún un ní wáàtì 1 péré, tí ẹ dúró sí mítà 1 sí i. Ti àtijọ́ jẹ́ 87. Mo lọ sí Owódé Onírin, mo wá a títí mo fi rí tòkunbọ̀ méjì tí wọ́n kọ 93 sí lẹ́yìn. Dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 6 ló wà láàárín wọn, ìyẹn sì dọ́gba pẹ̀lú ìlọ́po mẹ́rin wáàtì. 20 wáàtì nínú tuntun yìí máa dún bíi 80 wáàtì nínú ti àtijọ́. Mo tún rí i dájú pé ike ni àárín rẹ̀, rọ́bà sì ni etí rẹ̀. Sípíkà oníbébà ò lè pẹ́ lórí omi, òtútù á mú un wú, á ya.

Ọ̀nà kejì ni ibi tí ẹ gbé e sí. Nínú yàrá, ògiri máa ń dá ohùn padà sí wa. Lórí omi, kò sí ògiri, ohùn ń lọ ni. Ní gbangba bẹ́ẹ̀, bẹ́ ẹ bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí sípíkà, ẹ ti pàdánù dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 6. Iwájú, lẹ́bàá sítíárì, ni sípíkà méjèèjì wà, èrò ẹ̀yìn sì jìnnà tó mítà mẹ́rin. Mo gbé wọn wá sí àárín ọkọ̀, ó ku mítà méjì. Dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 6 mìíràn nìyẹn, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ ro ó pọ̀: 6 àti 6 jẹ́ 12. Fún èrò ẹ̀yìn, ìyẹn dà bí ìgbà tí a sọ wáàtì di ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Amp tó pa bátìrì wa, 8 péré ló mú wá.

3. Mẹ́ta nínú ohun tó ń jí ohùn

Nígbà tí mo tú ọkọ̀ náà wò, mo rí olè mẹ́ta.

Olè àkọ́kọ́: wọ́n ti yí wáyà sípíkà kan po, pọ́sítíìfù wà níbi négétíìfù. Bí èyí bá ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ìkejì ń fà á sẹ́yìn, wọ́n á pa ohùn ara wọn, pàápàá ohùn ìsàlẹ̀ bíi ti ìlù ńlá. Ẹ lè fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì 1.5 fóltì dán an wò. Ẹ yọ wáyà sípíkà kúrò lára rédíò, kí ẹ wá fi wáyà méjèèjì kan bátìrì náà fírí. Tí àárín sípíkà bá ta síta, wáyà tó kan orí pọ́sítíìfù bátìrì ni pọ́sítíìfù. Tó bá wọlé, òdìkejì ni. Ẹ sàmì sí i.

Olè kejì: ìhòòhò ni wọ́n gbé sípíkà kọ́ sábẹ́ òrùlé. Sípíkà máa ń sọ̀rọ̀ níwájú àti lẹ́yìn, ohùn ẹ̀yìn sì jẹ́ òdì sí ti iwájú. Tí ohunkóhun ò bá là wọ́n, wọ́n á pàdé, ìlù á sì pòórá. Mo gba àjákù pákó lọ́wọ́ káfíńtà kan ní Ikosi, mo kan àpótí kékeré méjì, mo fi sílíkóònù dí gbogbo ojú rẹ̀. Nígbà tí mo tan orin, ẹ̀gbọ́n mi béèrè pé, "Ṣé ìlù yìí wà nínú orin yẹn tẹ́lẹ̀ ni?"

Olè kẹta: wáyà. Wáyà tínínrín 1.5 mm² ni wọ́n fi fa iná láti bátìrì ẹ̀yìn dé rédíò iwájú, mítà márùn-ún. Iná ń lọ, ó sì ń bọ̀, nítorí náà mítà mẹ́wàá ni. Tí áńpíà 10 bá ń gbà á kọjá, fóltì 1 ó lé díẹ̀ á ti sọnù sójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tí orin fi ń há tí a bá gbé e sókè. Mo fi 4 mm² rọ́pò rẹ̀, èyí tó sọnù wá kéré sí ìdajì fóltì.

Ẹ ṣọ́ra tí ẹ bá ń ra wáyà o! Àwọn kan wà tí wọ́n fi kọ́pà bo alumíníọ̀mù lójú. Ẹ fi abẹ ha á: tí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ fi í sílẹ̀. Iná kì í gba inú rẹ̀ kọjá tó ti kọ́pà, omi iyọ̀ sì máa ń tètè jẹ ẹ́. Ní àgbègbè wa, odò Ògùn ló ń wọ ọ̀sà, torí náà omi máa ń fẹ́rẹ̀ẹ́ má níyọ̀ lásìkò òjò, ṣùgbọ́n nígbà ẹ̀rùn iyọ̀ òkun á wọlé. Mo fi fasilíìnì pa gbogbo ojú ìsopọ̀ kí omi má bàa wọ̀ ọ́.

4. Ibi tí ẹ kò gbọdọ̀ ti ṣawun

Tẹ́lẹ̀, kò sí fíúsì kankan lẹ́bàá bátìrì. Ẹ̀rù bà mí gan-an nígbà tí mo rí i. Tí ara wáyà yẹn bá bó níbì kan, tí pọ́sítíìfù sì kan négétíìfù, bátìrì ọkọ̀ lè da ọgọ́rọ̀ọ̀rún áńpíà jáde lójú ẹsẹ̀. Wáyà á pọ́n bí irin alágbẹ̀dẹ. Ẹ rántí pé epo bẹntiróòlù wà nínú ọkọ̀ kan náà, oruku rẹ̀ sì wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ: kì í fò lọ sókè, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló máa ń sá pamọ́ sí. Iná díẹ̀ ti tó.

Fíúsì 10 áńpíà àti ilé rẹ̀ gba ₦2,000 lọ́wọ́ mi. Mo fi í sórí wáyà pọ́sítíìfù, kò ju ìbú ọwọ́ kan sí bátìrì. Mo gbé kẹ́ẹ̀gì epo jìnnà sí bátìrì, mo ṣí ibẹ̀ sílẹ̀ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i kí n tó fọwọ́ kan wáyà kankan, orí négétíìfù ni mo sì kọ́kọ́ tú.

Mo tún ra òṣùwọ̀n fóltì kékeré kan, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rédíò. Bátìrì tó kún, tí kò ṣiṣẹ́, máa ń wà ní nǹkan bíi 12.6 sí 12.7. Tó bá ti sún mọ́ 12.2, ó ti ku nǹkan bí ìdajì. Òfin wa nìyí: tó bá ti di 12.2 tí ẹ́ńjìnì wà ní pípa, a ó pa orin. Kò sí àbẹ̀bẹ̀.

5. Etí náà ní fíúsì tirẹ̀

Dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 3 tá a sọ lẹ́ẹ̀kan kan etí náà. Ìlànà kan tí àwọn onímọ̀ ìlera ibi iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ń lò sọ pé etí lè gba dẹ̀sìbẹ́ẹ̀lì 85 fún wákàtí 8 lóòjọ́. Gbogbo ìgbà tí 3 bá lé sí i, àkókò á dín sí ìdajì: 88, wákàtí 4, 91, wákàtí 2, 94, wákàtí kan péré. Ẹ́ńjìnì tó ń sáré nìkan ti ń pariwo tó. Ẹni tó bá fẹ́ kí orin borí rẹ̀, etí rẹ̀ ló ń ná. Atukọ̀ sì gbọ́dọ̀ gbọ́ fèrè ọkọ̀ tó ń bọ̀, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ èrò tó bá kígbe. Nítorí náà, nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, a máa ń rẹ orin sílẹ̀. Tó bá dúró, ẹ lè jó.

Bí owó ṣe lọ

– Sípíkà tòkunbọ̀ méjì: ₦15,000
– Wáyà kọ́pà 4 mm², mítà 10: ₦13,000
– Sílíkóònù, ìdè àti fasilíìnì: ₦4,000
– Àjákù pákó: ₦3,000
– Òṣùwọ̀n fóltì: ₦3,000
– Fíúsì àti ilé rẹ̀: ₦2,000

₦40,000 géérégé. Iye tí èmi ra nìyẹn o, ẹ mọ bí ọjà ṣe rí. Tí owó yín bá kéré sí i, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti fíúsì, kí ẹ tún wáyà sípíkà yẹ̀ wò, kí ẹ sì gbé sípíkà sún mọ́ èèyàn. Sípíkà tuntun lè dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi ta amp náà. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a tún pa ẹ́ńjìnì lórí omi, a lu orin fún wákàtí méjì, èrò ẹ̀yìn ń kọrin tẹ̀ lé e. Èmi ò tiẹ̀ gbọ́ orin dáadáa, ojú mi ò kúrò lára òṣùwọ̀n yẹn: 12.4. Ẹ̀gbọ́n mi wojú mi, ó yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnì dáhùn, a sì dé èbúté kí ilẹ̀ tó ṣú.