Bíréèkì tó ń han: Ohun tí oníṣòwò tó ní ọkọ̀ lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀

Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì kékeré tó ní bọ́ọ̀sì ẹyọ kan ṣoṣo kò yàtọ̀ sí alágbẹ̀dẹ tó ní ẹwìrì kan. Bí bọ́ọ̀sì náà bá dáṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, búrẹ́dì tí wọ́n fi gbogbo òru yan yóò wà nílẹ̀, àwọn oníbàárà yóò gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, owó iṣẹ́ dírẹ́bà lọ́jọ́ náà kò sì ní tìtorí ẹ̀ dín kù. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ẹni tó ń pín omi inú ọ̀rá kiri, ẹni tó ń kó ẹyin láti oko adìyẹ wá sọ́jà, àti ẹni tó ń fi Micra ṣe takisí nígboro Ìbàdàn. Bíréèkì ọkọ̀ kì í sábà dédé bàjẹ́ lójijì, ó máa ń ké kó tó bàjẹ́. Àwọn àgbà sì ní àìsàn là á wò, a kì í wo ikú.

Nígbà tí bíréèkì bá bẹ̀rẹ̀ sí í han, àwọn ọlọ́kọ̀ kan á yí rédíò sókè, wọ́n á ní kò tíì burú. Àwọn mìíràn á wa ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì, wọ́n á ní kó bá àwọn wo bíréèkì, wọ́n á sì sanwó ohunkóhun tó bá ní òun pààrọ̀, nítorí wọn ò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè. Àpò oníṣòwò ló ń jìyà rẹ̀ nínú méjèèjì. Ẹni tó bá fi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan yẹ ọkọ̀ rẹ̀ wò dáadáa lè parí iṣẹ́ náà nílé, bí kò bá sì lè parí ẹ̀, á mọ ohun tí yóò sọ fún mẹkáníìkì.

Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ òwò lọ́dọ̀ wa, irú bíi Nissan Micra àti Toyota HiAce, dísìkì irin pẹrẹsẹ ló wà lẹ́sẹ̀ iwájú. Páàdì méjì ló máa ń há dísìkì yìí mọ́ àárín bí ẹsẹ̀ bá ti tẹ bíréèkì. Dúróọ̀mù, tó rí bí ìkòkò irin, ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn, láínìnì tó wà nínú rẹ̀ á sì fẹ̀ síta láti dì í mú. Ẹsẹ̀ iwájú ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà, nítorí ìwúwo ọkọ̀ máa ń rọ́ síwájú nígbà tó bá fẹ́ dúró, ìdí nìyẹn tí páàdì iwájú fi máa ń tètè jẹ tán.

Ẹni tó bá ti rí onísákárà níbi tó ti ń ta gòjé yóò mọ bí igbe náà ṣe ń jáde. Ọrun gòjé á mú okùn, á jọ̀wọ́ rẹ̀, á tún mú un, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, okùn á sì máa gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni páàdì àti dísìkì ń ṣe. Bí gíríìsì ẹ̀yìn páàdì bá ti gbẹ, bí irin pẹlẹbẹ tó ń dì í mú bá ti sọnù, tàbí bí ooru bá ti mú kí ojú páàdì dán bíi dígí, gbígbọ̀n yẹn á di igbe.

Àkókò tí ariwo náà ń wáyé ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ fiyè sí, ju bó ṣe pariwo tó lọ. Bó bá jẹ́ àárọ̀ nìkan, lẹ́yìn òjò tàbí lẹ́yìn tí wọ́n fọ ọkọ̀, tó sì dákẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n ti tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, ojú dísìkì ló dógùn-ún díẹ̀ lóru. Ẹ má ná kọ́bọ̀ lórí ìyẹn. Bó bá jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì ló ń han fíín, eruku, gíríìsì tó gbẹ tàbí páàdì tó dán ló sábà máa ń fà á, èyí sì ni a lè tún ṣe nílé. Bí ọkọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà eléruku jáde, tí irin ń ha irin láìdákẹ́ yálà ẹ tẹ bíréèkì tàbí ẹ kò tẹ̀ ẹ́, ó ṣeé ṣe kí òkúta wẹ́wẹ́ ti há sáàárín dísìkì àti irin tó bo ẹ̀yìn rẹ̀.

Igbe kan tún wà tí àwọn tó ṣe páàdì mọ̀ọ́mọ̀ fi síbẹ̀. Irin pẹlẹbẹ kékeré kan wà lára ọ̀pọ̀ páàdì. Bí páàdì bá ti jẹ dé ìwọ̀n kan, irin yìí á bẹ̀rẹ̀ sí í ha dísìkì. Ó máa ń han nígbà tí ọkọ̀ ń lọ, kódà tí ẹsẹ̀ kò sí lórí bíréèkì, ó sì lè dákẹ́ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ohun tó ń sọ ni pé àsìkò ti tó láti ra páàdì. Mẹkáníìkì tó bá ní òun á tẹ irin náà sẹ́yìn kó lè dákẹ́ ti pa ajá tó ń ṣọ́ ilé.

Bí igbe bá ti wá di gbùrù-gbùrù, tí ẹsẹ̀ sì ń mọ̀ ọ́n lára bíréèkì, irin ẹ̀yìn páàdì ló ń jẹ dísìkì yẹn. Kí ọkọ̀ náà má ṣe gbé ẹrù mọ́. Páàdì nìkan ni ẹni náà ì bá rà ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, àmọ́ yóò ra dísìkì mọ́ ọn báyìí, bóyá kálípà pẹ̀lú.

Láti wo páàdì, ẹ wá ibi tó tẹ́jú, kí ẹ sì sọ ẹrù kalẹ̀ kúrò nínú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ fi igi gbá táyà ẹ̀yìn, ẹ tú nọ́ọ̀tì táyà iwájú díẹ̀ kí ẹ tó gbé e sókè, lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi jáàkì gbé e, kí ẹ sì ti sítáǹdì irin bọ abẹ́ rẹ̀. Jáàkì nìkan kò tó. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì tí àwọn èèyàn máa ń kì bọ abẹ́ ọkọ̀ lè fọ́ láìkìlọ̀, ẹni tó wà nítòsí ni yóò sì bá a lọ. Bí ẹ kò bá ní sítáǹdì, ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí táyà bá ti kúrò, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ kálípà. Rúlà ọmọ iléèwé tó láti fi wọn ìnípọn ohun tó lẹ̀ mọ́ irin páàdì. Bí páàdì bá wà ní tuntun, ó sábà máa ń tó mìlímítà 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó bá ti di 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wo ti inú àti ti ìta. Ti inú, tí ojú kì í tètè rí, ló sábà máa ń jẹ jù. Bí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì bá pọ̀, òpó irin kékeré tí kálípà ń yọ̀ lórí rẹ̀ ti há nìyẹn, páàdì tuntun nìkan kò sì lè wò ó sàn.

Bí páàdì bá ṣì nípọn, ẹ tú bóòtù ìsàlẹ̀ lẹ́yìn kálípà, kí ẹ gbé kálípà náà sókè, kí ẹ sì fi wáyà so ó rọ̀. Ẹ má jẹ́ kó fi rọ́bà ọ́ìlì rọ̀. Ẹ má ṣe fi ẹnu tàbí atẹ́gùn fẹ́ eruku tó wà níbẹ̀. Àwọn láínìnì àti páàdì àtijọ́ kan ní asbestos nínú, èyí tó lè fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ojú lásán kò sì lè dá a mọ̀. Ẹ fi omi ọṣẹ rin ín, kí ẹ fi àkísà nù ún, kí ẹ sì wọ ìbòmú. Ẹ yọ páàdì, kí ẹ tẹ́ sáńpépà tó ti rin sórí ohun tó tẹ́jú, kí ẹ rọra fi ojú páàdì gbo ó títí dídán yẹn yóò fi lọ. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ibi tí etí páàdì ń jókòó sí.

Gíríìsì tí a ń lò fún bíréèkì, tó lè gba ooru, ni kí ẹ fi pa òpó irin tí kálípà ń yọ̀ lórí rẹ̀, kí ẹ sì fi díẹ̀ ṣoṣo pa ẹ̀yìn irin páàdì. Kò gbọ́dọ̀ kan ojú páàdì tàbí ojú dísìkì. Àwọn kan máa ń da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí kẹrosíìnì sí bíréèkì kó lè dákẹ́. Ó máa ń dákẹ́ lóòótọ́, ọkọ̀ náà kò sì ní dúró. Páàdì tó bá ti mu ọ́ìlì kò ní àtúnṣe, ẹ sọ ọ́ nù.

Tó bá jẹ́ rírà ni, ẹ mú páàdì àtijọ́ dání lọ sọ́jà, ìbáà jẹ́ Ládípọ̀ ní Muṣin tàbí ọjà ìlú yín. Ẹ wo bó ṣe lẹ̀ mọ́ irin rẹ̀ àti bóyá etí rẹ̀ ń fọ́ wẹ́wẹ́ bí ẹ bá fi èékánná ha á. Ẹsẹ̀ ọ̀tún àti òsì ni kí ẹ pààrọ̀ papọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọkọ̀ yóò máa fà sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tokunbọ̀ lè dára nínú ẹ̀yà ara ọkọ̀ mìíràn, àmọ́ nínú páàdì, owó tí ẹ rò pé ẹ dá sí kì í pẹ́ padà.

Kí páàdì tuntun tó lè wọlé, ẹ óò ti irin inú kálípà padà sẹ́yìn. Ẹ ṣọ́ agolo ọ́ìlì bíréèkì nígbà tí ẹ bá ń ṣe é, nítorí ó lè kún dànù, ó sì máa ń bó ọ̀dà ọkọ̀. Bí ẹ bá ti dè é tán, ẹ tẹ bíréèkì léraléra kí ẹ tó sún ọkọ̀ náà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan, títí yóò fi le. Ẹni tó bá gbàgbé èyí lè jókòó sídìí ọkọ̀ tí kò ní bíréèkì rárá.

Àwọn iṣẹ́ kan wà tí kì í ṣe ti ilé. Bí bíréèkì bá ń wọlẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, bí ọ́ìlì bá ń jò, bí ọwọ́ ìtọ́kọ̀ bá ń gbọ̀n, ẹ pe mẹkáníìkì wá bá ọkọ̀ níbi tó wà. Ọkọ̀ ńlá tó ń lo atẹ́gùn fún bíréèkì, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ọ́ìlì bíréèkì náà, DOT 3 tàbí DOT 4 bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìdérí agolo, máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ sì ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ ní ọdún méjì méjì.

Páàdì tuntun nílò ìfimọ́lé. Lójú ọ̀nà tó ṣófo, ẹ sáré dé bíi 50 kìlómítà ní wákàtí kan, kí ẹ rọra tẹ bíréèkì títí yóò fi bọ́ sí bíi 10 láìdúró pátápátá, kí ẹ ṣe é tó ìgbà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá, pẹ̀lú ìsinmi láàárín kí ooru lè lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ọjọ́, iye kìlómítà tí ọkọ̀ ti rìn àti bí páàdì ṣe nípọn tó sínú ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀. Bí páàdì mìlímítà 10 bá ti di 7 lẹ́yìn 15,000 kìlómítà, nǹkan bí 20,000 mìíràn ló kù kó tó di 3, oníṣòwò sì lè wá ti ìsinsìnyí fi owó rẹ̀ sínú ìṣirò oṣù tó máa bọ́ sí.