Gbèsè Ìyá Àgbà ní Lomé

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí mo kọ́kọ́ rí òkun. Ìyá àgbà ló mú mi lọ.

Aṣọ ni Ìyá àgbà ń tà ní ọjà Atakpamé. Lomé ni wọ́n ti ń ra àǹkárá wọn, lọ́wọ́ ìyá aláṣọ kan tí wọ́n ti jọ ń ṣòwò tipẹ́. Nígbà mìíràn, Ìyá àgbà máa ń rà á láwìn. Ìyá aláṣọ á sì kọ gbèsè náà sínú ìwé.

Ní oṣù kìíní ọdún 2013, iná jó ilé ọjà ńlá Lomé ní òru. Aṣọ jóná. Owó jóná. Ìwé gbèsè náà jóná.

Bàbá mi sọ fún Ìyá àgbà pé, “Ìyá, ìwé ti jóná. Ta ló tún mọ iye tí ẹ jẹ?”

Ìyá àgbà dáhùn pé, “Èmi mọ̀ ọ́n.”

Nígbà tí a gba ìsinmi Àjíǹde, a wọ ọkọ̀ ní kùtùkùtù. Láti Atakpamé dé Lomé tó nǹkan bí 160 kìlómítà. A kọjá Notsé, a kọjá Tsévié. Àwọn òkè ilé wa ti wà lẹ́yìn, ilẹ̀ wá tẹ́jú lọ gbọọrọ. Ìyá àgbà sùn lọ nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò kúrò lára owó tí wọ́n so mọ́ etí ìró wọn.

Ní Lomé, a gba iwájú ère Òmìnira kọjá. Wọ́n gé àwòrán ènìyàn sára ògiri rẹ̀. Ère yìí ń rán wa létí ọjọ́ 27 oṣù kẹrin ọdún 1960, ọjọ́ tí Tógò gba òmìnira.

Lẹ́yìn náà, a dé etí òkun. Ariwo rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Mo wò ó, mo wò ó, n kò rí òpin rẹ̀.

Mo ní, “Ìyá àgbà, odò wo ni èyí tí kò ní òdìkejì?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Mo rí àwọn òpó àtijọ́ tó dúró sínú omi. Afárá ni wọ́n gbé nígbà kan rí. Ìgbì etíkun yìí le gan-an, ọkọ̀ ojú omi ńlá kò lè sún mọ́ ilẹ̀. Ọkọ̀ kékeré ló ń kó ẹrù la ìgbì kọjá, ó sì máa ń dojú dé nígbà mìíràn. Nítorí náà, àwọn Jámánì ṣe afárá gígùn wọnú òkun ní ọdún 1904. Àwọn Faransé tún ṣe òmíràn lẹ́yìn wọn. Kí ogun ọdún 1914 tó bẹ̀rẹ̀, ojú irin ti ti Lomé dé ọ̀dọ̀ wa ní Atakpamé. Òwú oko wa wọ ọkọ̀ ojú irin wá síbí, ó gun orí afárá, ó sì lọ sí ìlú òyìnbó. Láti ọdún 1968, èbúté tuntun ni àwọn ọkọ̀ ńlá ń gúnlẹ̀ sí.

Òkun dùn ún wò. Èmi kò fẹ́ kúrò níbẹ̀, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ti ń lọ.

Ọjà ńlá kò jìnnà. Ṣọ́ọ̀ṣì ńlá àwọn Àgùdà, tí wọ́n kọ́ parí ní ọdún 1902, wà nítòsí rẹ̀. Ilé gogoro méjì ló wà níwájú rẹ̀, orí wọn ṣe ṣóńṣó. Ní ọjà yìí, àwọn obìnrin kan ta àǹkárá títí wọ́n fi ra ọkọ̀ Mercedes-Benz. Nánà Benz ni àwọn ènìyàn ń pè wọ́n. Lọ́jọ́ tí a lọ, ògiri ilé ọjà náà dúdú kirikiri.

A wá ìyá aláṣọ títí. Abẹ́ agbòòrùn kan ni a ti rí wọn, pẹ̀lú aṣọ díẹ̀ lórí tábìlì. Èdè Èwé ni àwọn méjèèjì ń sọ, mo sì gbọ́ díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbà tú etí ìró wọn, wọ́n ka 30,000 fáráǹ sórí tábìlì.

Ìyá aláṣọ kò tètè mú un. Wọ́n ní àwọn tó jẹ wọ́n lówó pọ̀. Ìyá àgbà ni ẹnì kẹta tó wá san.

Lẹ́yìn náà, wọ́n fa ìwé tuntun kan jáde. Wọ́n fún wa ní àǹkárá méjì láwìn, wọ́n sì kọ orúkọ Ìyá àgbà sí ojú ewé àkọ́kọ́.

Ìbéèrè
1. Kí ni ó jóná ní oṣù kìíní ọdún 2013?
2. Kí ló dé tí wọ́n fi ṣe afárá wọnú òkun?
3. Àwọn wo ni Nánà Benz?
4. Bí ìwọ bá ni Ìyá àgbà, kí ni ìwọ ìbá ṣe? Sọ ìdí rẹ̀.
5. Béèrè lọ́wọ́ àgbà kan nílé bí ó bá ti wọ ọkọ̀ ojú irin rí. Sọ ohun tí ó bá wí fún ọ ní kíláàsì.